Ìjọ Reformed ní Gúúsù Áfíríkà: ibo ni ìdàpọ̀ há sí?

Adéoyè: Ẹ kú àtìjọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjọba ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ti lọ tipẹ́. Kí ló dé tí ìjọ Reformed (àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ John Calvin) ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú ò tíì wà lábẹ́ sínóòdù kan, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìjọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là wá lọ́yẹ̀.

Ìyá Tóbi: Láti 1857 ni. Sínóòdù NGK (ìjọ Dutch Reformed ti aláwọ̀ funfun) ní Cape gbà pé ó bá Ìwé Mímọ́ mu kí gbogbo ọmọ ìjọ máa jọ sìn, àmọ́ “nítorí àìlera àwọn kan”, wọ́n yọ̀ǹda ilé ìsìn ọ̀tọ̀. Àyọ̀ǹda yẹn ló wá di ìlànà. Nígbà tó di 1881, wọ́n dá Sendingkerk (ìjọ míṣọ́nnárì) sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, àwọn tí ẹ̀yà òbí wọn dà pọ̀.

Káyọ̀dé: Àìlera àwọn kan! Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Alàgbà Fẹ́mi: Ìyá Tóbi, ẹ má fo 1982. Sendingkerk kọ Ìjẹ́wọ́ Belhar, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lórí ìṣọ̀kan, ìlàjà àti ìdájọ́ òdodo, wọ́n sì gbà á wọlé ní 1986. Ní 1982 yẹn kan náà, àjọ àwọn ìjọ Reformed àgbáyé pàdé ní Ottawa, wọ́n ní ẹ̀kọ́ òdì ni gbígbe ìyàsọ́tọ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì, wọ́n sì dá NGK dúró nínú àjọ náà. Ní April 14, 1994, tí ìdìbò gbogboogbò ku ọjọ́ mẹ́tàlá, Sendingkerk àti ìjọ aláwọ̀ dúdú para pọ̀ di ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní URCSA (Uniting Reformed Church in Southern Africa).

Bísọ́lá: Kì í ṣe gbogbo wọn o, Alàgbà. Àwọn ẹkùn Free State àti Phororo nínú ìjọ aláwọ̀ dúdú takú, ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ìjọ sì dé kóòtù. Ní 1998, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù dá wọn láre: sínóòdù àgbà ò lè lo agbára tí ìlànà ìjọ ò fún un. Ìjọ tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ òmíràn, kó kọ́kọ́ wo ta ló ni ilé, ta ló láṣẹ láti tú ìjọ ká, àti iye ìbò tó gbọ́dọ̀ pé.

Káyọ̀dé: NGK ṣáà ti tọrọ àforíjì. Willie Jonker, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìsìn nínú NGK, jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní gbangba níbi ìpàdé àwọn ìjọ ní Rustenburg, 1990. Kí ló tún kù?

Bísọ́lá: Belhar ló kù: URCSA fẹ́ kí NGK náà gbà á. Kí NGK tó lè fi kún ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, sínóòdù ẹkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ìbílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹkùn kan péré lè dá a dúró. Kódà àbá tó jẹ́ kí ẹni tó bá wù ú gbà á, kí ẹni tí kò wù fi sílẹ̀, ò yege.

Ìyá Tóbi: Ohun tó ń ṣọ́ ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun à ń yí lọ́dọọdún.

Alàgbà Fẹ́mi: Ta ló ń ṣọ́, ta ló sì ń ṣọ́ ọ fún? 1857 ò gba irú ìbò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀!

Adéoyè: Àwọn obìnrin wá ńkọ́?

Bísọ́lá: NGK gbà kí obìnrin di díákónì ní 1982, alàgbà àti àlùfáà ní 1990. Ìyẹn ò kan ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ló ṣe yára.

Ìyá Tóbi: Ẹ má gbàgbé àwọn tó kúrò ní 1987 lọ dá Afrikaanse Protestantse Kerk sílẹ̀, kìkì nítorí pé NGK ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà. Ẹ̀rù irú ìyapa bẹ́ẹ̀ ṣì ń ba àwọn aṣáájú.

Káyọ̀dé: Àwọn tó ti ń dúró láti 1986 ńkọ́, Mà?