Ríra áńbúláǹsì àtijọ́ fún ìkọ́ni àti ìpolongo: kí ni kí a yẹ̀ wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mo wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wa sì ni láti máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń dóòlà ẹ̀mí kí dókítà tó dé: bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró, bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti bí a ti ń ké sí ìrànlọ́wọ́. Títí di òní, inú báàgì méjì ni gbogbo irinṣẹ́ wa ń gbé. A ti wá rí i pé ọmọdé kì í tètè gbàgbé ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbèrò láti ra áńbúláǹsì tí ilé ìwòsàn ti lò tí wọ́n sì fẹ́ tà, kí a lè sọ inú rẹ̀ di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ kan ti ṣèlérí láti dá sí owó rẹ̀, bí a bá lè kọ orúkọ wọn sára ọkọ̀ náà, kí a sì máa gbé e wá síbi tí wọ́n bá ti ń polówó ọjà.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Ṣé a lè fi iná orí rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù nìyẹn? Àti pé, ṣé àgbélébùú pupa lè wà lára rẹ̀?

Èsì láti ọwọ́ mẹkáníìkì kan

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yín jẹ. Áńbúláǹsì a máa dúró lójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, níbi ìjàǹbá tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí bátìrì má bàa kú, kí inú ọkọ̀ má sì gbóná tàbí tutù jù fún aláìsàn. Ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ lè ní ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ débi tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe, kí ẹ sì béèrè ìwé àtúnṣe rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì tó ní asẹ́ tó ń sẹ́ èéfín, ìdúró gbọọrọ bẹ́ẹ̀ a máa dí asẹ́ náà pa. Àárẹ̀ kan náà ni yóò sì ṣe é lọ́wọ́ yín bí ó bá jẹ́ pé láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò máa lọ, nítorí náà ẹ máa gbé e jáde sójú ọ̀nà tó jìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jùlọ. Ó kéré tán, bátìrì méjì ló sábà máa ń wà nínú irú ọkọ̀ yìí: ọ̀kan ń ta ẹ́ńjìnnì jí, èkejì ń bọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí olówó ọkọ̀ bá fẹ́ tà á, a máa yọ rédíò àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó sì ń yọ wọ́n kì í ṣe sùúrù. Mo ṣí pátákó ẹ̀yìn ìjókòó kan rí, mo bá wáyà pupa mẹ́rin tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé láìdì wọ́n. Iná ṣì wà nínú ọ̀kan, ó sì ti jó ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúdú. Bí ọmọdé yóò bá jókòó síbẹ̀, ẹ ṣí gbogbo pátákó kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan lálẹ́, kí ẹ wọn bátìrì láàárọ̀: bátìrì tó kún a máa fi nǹkan bíi fóltì (ìwọ̀n agbára iná) 12.6 hàn, bí ó bá ti jábọ́ sí 12 láàárín òru kan, ohun kan wà tó ń fa iná níbi tí ẹ kò rí.

Ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó wà lára táyà. Bí ẹ bá rí 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí ojú rẹ̀ tuntun tó. Ní ti ìwọ̀n, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán kò kọjá kìlógíráàmù 3,500, ọ̀pọ̀ áńbúláǹsì alápòótí, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àpótí ńlá, sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ báàsì rọrùn láti wà, alápòótí ló láàyè jù nínú. Ẹ mọ irú ìwé tí awakọ̀ yín ní kí ẹ tó yàn.

Èsì láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ti sọ ti ara ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò ó, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ẹ má fi àgbélébùú pupa síbẹ̀ rárá, bí ẹ bá sì bá a lára rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kí ọkọ̀ náà tó jáde. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 ló ń dáàbò bo àmì yẹn, ó sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ láti lò ó, nígbà ogun àti nígbà àlàáfíà. Kí ó wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà, ìyẹn tún burú jù. Àmì mìíràn tí ẹ lè bá lára áńbúláǹsì, ìràwọ̀ búlúù onígun mẹ́fà tí ejò lọ́ mọ́ ọ̀pá láàárín rẹ̀, jáde ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí Red Cross ibẹ̀ (ẹgbẹ́ tó ni àgbélébùú pupa) takò àgbélébùú aláwọ̀ ọsàn tí áńbúláǹsì ń lò, ní ọdún 1973, nítorí pé ó jọ tiwọn jù. Òun náà ní òfin tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ̀kọ́ tó dára wà nínú igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: rírí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kíkéde rẹ̀, títètè débẹ̀, ìtọ́jú lójú ìjàǹbá, ìtọ́jú lójú ọ̀nà, àti fífà aláìsàn lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́.

Ní ti iná, òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Brítéènì, ọkọ̀ tí kì í ṣe ti pàjáwìrì kò gbọdọ̀ ní iná ìkìlọ̀ aláwọ̀ búlúù lára, ì báà máa tàn, ì báà má tàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fún ọkọ̀ ní ìwé ní ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò pé kì í gbé aláìsàn mọ́.

Èyí tó bá ọkàn mi jẹ́ rèé. A gbé ọkọ̀ wa dúró síbi àfihàn kan, bàbá àgbàlagbà kan sì ṣubú ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí wa. Ènìyàn méjì sáré wá, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pé kí a máa gbé e lọ. A ní ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà lọ́dọ̀ wa, a sáré débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ẹni tó ti pe áńbúláǹsì, kò sẹ́ni tó pè é. Gbogbo wọn ti rí tiwa, wọ́n sì gbà pé ó ti dé. Bàbá náà yè, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tó ti lọ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Láti ọjọ́ náà, a kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ọkọ̀ ìkọ́ni ni, kì í gbé aláìsàn. Ẹnì kan sì wà nígbà gbogbo tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó pe ìrànlọ́wọ́. Bí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ bá ní kí ẹ má kọ ọ́, nítorí pé kò ní jẹ́ kí orúkọ àwọn hàn dáadáa, ẹ dá owó wọn padà.

Èsì láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ṣáájú mi. Ní ti inú ọkọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ibikíbi. Mo ti rí abẹ́rẹ́ nínú ojú irin tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn ti fọ̀ tán. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe ìka. Bí ẹ bá rí ìwé tàbí ẹ̀rọ tí orúkọ aláìsàn wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ta ọkọ̀, ẹ má kà á. Ẹ yọ gbogbo sílíńdà ọ́síjìn kúrò, ẹ sì má fi òróró tàbí gíríìsì kan ojú páìpù rẹ̀, nítorí ọ́síjìn tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára lè mú kí òróró gbiná.

Iná àti fèrè kọ́ ni ọmọdé máa ń rántí jù, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i. Ẹ fún wọn ní díńgí kí wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ tí a kọ sódì níwájú ọkọ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí tí awakọ̀ iwájú fi lè kà á. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sọ fún wọn pé èyí tí dókítà ọkàn kan, Frank Pantridge, kọ́kọ́ gbé sínú áńbúláǹsì ní Belfast, ní Northern Ireland, ní ọdún 1965 wúwo tó nǹkan bí 70 kìlógíráàmù.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò ronú rárá pé ọkọ̀ wa lè dá ẹlòmíràn dúró láti pe ìrànlọ́wọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ yẹn. Wọ́n gbà kí orúkọ àwọn wà lápá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn nìkan. A ó yọ iná àti fèrè, a ó sì ra èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ti báàsì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé orí ibùsùn inú ọkọ̀ ni kí a tẹ́ ọmọláńgidi tí a fi ń kọ́ títẹ àyà sí?

Nọ́ọ̀sì

Rárá o, ilẹ̀ ni. Ibùsùn a máa rì bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá àyà lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, tàbí bóyá tìmùtìmù ni wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan láì forí gbá àpótí ògiri. Ẹ mú ọmọláńgidi náà dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra ọkọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ilẹ̀ rẹ̀, kí ènìyàn méjì kúnlẹ̀ tì í. Bí àyè kò bá gbà wọ́n, ẹ wo òmíràn.