Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ yọ £600 nínú dìpọ́síìtì mi nítorí kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará London, ẹ gbà mí. Ọdún mẹ́ta ni a fi gbé ilé kan ní Peckham, £1,300 lóṣù, dìpọ́síìtì £1,500. Èmi àti ìyàwó mi fọ gbogbo ilé kí a tó kó jáde, títí kan inú ààrò. Lánlọ́ọ̀dù wá ní kápẹ́ẹ̀tì ti ṣá. Ó ti ṣá kí a tó débẹ̀! Owó yẹn la fẹ́ fi ra bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ.

— Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Ṣé ó fi owó náà sí ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín 30 ọjọ́? Bí kò bá ṣe é, kóòtù lè ní kó san ìlọ́po kan sí mẹ́ta rẹ̀ fún yín.

— Ó ṣe é. DPS (Deposit Protection Service) ni, ọ̀kan nínú àwọn ètò náà.

— Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá a jà lórí fóònù mọ́, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ bá DPS, ọ̀fẹ́ ni. Lánlọ́ọ̀dù ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ohun tó gbó nítorí pé èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ bà jẹ́. Ṣé ẹ ya fọ́tò lọ́jọ́ tí ẹ wọlé?

— Mo yà á! Ó wà nínú WhatsApp ìyàwó mi.