Ẹ gbà mí o, Sátidé ti dé tán: irú crankbait (ìjẹ àtọwọ́dá tó jọ ẹja) wo ni kí n rà fún ẹja bass?

Ọmọ Alékúwodò, Houston
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, gbogbo ọmọ Òṣogbo lókè òkun, mo kí yín o. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti ní kí n bá òun lọ pa ẹja bass ní adágún Sam Rayburn ní Sátidé yìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá, nítorí pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un lóṣù tó kọjá pé ẹ̀bá odò ni wọ́n bí mi sí, pé mo mọ ẹja pípa láti kékeré. Nígbà tí mo dé ilé ìtajà lálẹ́ àná, ògiri kan láti òkè dé ilẹ̀ ni mo bá, tó jẹ́ kìkì crankbait: elétè gígùn (ètè ni pátákó pẹlẹbẹ kékeré tó yọ síwájú lẹ́nu rẹ̀), elétè kúkúrú, èyí tí kò létè rárá, pupa, aláwọ̀ fàdákà, èyí tí ń dún ṣaworo nínú. Mo ra mẹ́fà, elétè gígùn sì ni gbogbo wọn, torí pé àwọn ni ó tóbi jù lójú mi. Mo gbé wọn lọ sí adágún kékeré ẹ̀yìn àdúgbò wa láàárọ̀ yìí kí n lè dán wọn wò, ṣùgbọ́n kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, mẹ́rin ti há sí ìsàlẹ̀ omi, n kò sì rí ọ̀kan fà yọ. Dọ́là méje ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, irú wo ni kí n rà, àwọ̀ wo ni kí n mú, báwo ni kí ó sì ti tóbi tó?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Houston
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mọ́kànlá ni èmi sọnù ní adágún Conroe ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, owó tí mo fi rà wọ́n sì tó owó oúnjẹ ilé wa fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà mo mọ bí ó ti rí lára rẹ. Àṣìṣe kan náà ni àwa méjèèjì ṣe: a wo àwọ̀, a wo títóbi, a kò wo ètè. Ètè ni ó ń sọ ibi tí crankbait yóò rì dé nígbà tí o bá ń fà á bọ̀. Èyí tí ètè rẹ̀ gùn, tó sì nà síwájú gbọọrọ, lè rì dé ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, bẹ́ẹ̀ ni adágún ẹ̀yìn àdúgbò yín kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹrẹ̀ ni o sì ń fi í tú láti àárọ̀. Elétè kúkúrú onígun mẹ́rin ni ó yẹ irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í sábà rì kọjá ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, bí ó bá sì kọlu kùkùté, ètè náà ni yóò kọ́kọ́ gbá igi, tí ìjẹ náà yóò fi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìwọ̀ tó kàn án. Ní kété tí o bá ti mọ̀ pé ó kan nǹkan, má fà á mọ́, dẹ okùn díẹ̀, yóò léfòó padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni bass máa ń gbé e, nítorí pé ẹja wẹ́wẹ́ tó fara pa tó sì ń ṣe ségesège ni ó jọ lójú rẹ̀.

Ní ti Sam Rayburn, oṣù Kẹta la wà yìí. Bí ooru omi bá ti ń sún mọ́ dígírì 60 Fahrenheit, bass á máa kúrò nínú ibú bọ̀ wá sí ẹ̀bá láti wá ibi tí yóò yé ẹyin sí, koríko inú omi sì pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Aláìlétè pupa, èyí tí ń dún ṣaworo, ni kí o mú lọ. Kò ní léfòó o: ní kété tí ó bá ti bọ́ sómi ni yóò máa rì, nítorí náà ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, kí ó lè máa ra orí koríko kọjá láìwọ inú rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Ọ̀rọ̀ ètè tí Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọ̀ kún un. Pupa tí wọ́n ní kí o mú yẹn, àwọ̀ crawfish ilẹ̀ yìí ni, èyí tó dà bí edé tí ó ní ọwọ́ alákàn, tí bass ń wá kiri nísàlẹ̀ omi ní ìparí ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n wo omi náà kí o tó mú un jáde. Bí omi bá mọ́ tí o ń rí ìsàlẹ̀, mú èyí tó jọ ẹja shad, aláwọ̀ fàdákà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú díẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tí omi sì rú bí omi Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹsàn-án, mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń pọ́n bọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, kí ẹja lè rí i láti òkèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ gan-an ni okùn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, okùn híhun ni mo so mọ́ crankbait mi, orí ọ̀pá ìpẹja tó le gbagidi, nítorí pé wọ́n ní okùn híhun kì í já. Lóòótọ́ ni kò já. Bass kan gbé ìjẹ mi, mo fà á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó yọ orí jáde, ó gbọnrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta náà ya kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì lọ. N kò tíì rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Okùn híhun kì í nà rárá, ìwọ̀ crankbait sì kéré, awọ ẹnu ẹja fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí okùn kò bá nà tí ọ̀pá kò sì tẹ̀, ẹnu ẹja ni yóò ya. Fluorocarbon, okùn aláìhun tó ń nà díẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 12, ni kí o lò, pẹ̀lú ọ̀pá tí ó ń tẹ̀ dé agbedeméjì.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Houston
Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé okùn híhun jìnnà pátápátá. Omi tí àbúrò yìí ń lọ kún fún koríko. Bí aláìlétè bá há sínú koríko tí okùn náílọ́ọ̀nù ni o lò, nínà ni okùn náà yóò máa nà, ìjẹ kò sì ní kúrò níbi tó wà, àfi kí o wa ọkọ̀ lọ bá a. Okùn híhun á gé koríko, ìjẹ náà á fò jáde lójijì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé nígbà tó bá fò jáde yẹn ni ẹja ń gbá a mú. Ẹja mẹ́ta tó tóbi jù tí mo pa lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pa wọ́n.

Ọmọ Ìgbóǹnà, London
Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí pé mo dá sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹja pike la ń fi crankbait pa, eyín rẹ̀ sì mú débi pé ẹni tí kò bá so wáyà irin ṣáájú ìjẹ yóò pàdánù ìjẹ àti ẹja pọ̀. Bí ó ti ṣe mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Ǹjẹ́ kò yẹ kí àbúrò wa ra wáyà dání?

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Rárá o, ọmọ mi. Bass kò ní eyín tí ń gé okùn. Eyín wẹ́wẹ́ tó rí bí ìfáyùn ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, àtàǹpàkò la fi ń di àgbọ̀n rẹ̀ ìsàlẹ̀ mú nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́ nínú ìwọ̀. Wáyà á kàn mú kí ìjẹ náà wúwo ni, kò sì ní lè jó bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, bí ẹ bá ní okùn híhun dandan, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà rọ̀. Ọ̀pá líle pẹ̀lú okùn híhun, n kò ní gbà á láéláé.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Houston
Ọ̀pá rírọ̀ pẹ̀lú okùn híhun, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé okùn ni ó jẹ̀bi ẹja yín tó lọ, ọ̀pá ni.

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Àwọn méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Dallas
Kò sí ẹni tó bèèrè bóyá àbúrò yìí ní ìwé àṣẹ. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń rà sì máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, láìka ọjọ́ tí o rà á sí. Inú oṣù Kẹta ni mo ra tèmi lọ́dún náà, mo sì rò pé oṣù Kẹta tí ń bọ̀ ni yóò parí. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni òṣìṣẹ́ kan wa ọkọ̀ ojú omi wá bá wa, ó bèèrè ìwé, ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ fún mi, ó sì kọ ìwé ìtanràn. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ọmọ mi fi ń wò mí ló dùn mí jù. Àbúrò, lọ ra ìwé àṣẹ lónìí. Kí o sì mú tépù dání: bass tí kò bá tó ínṣì 14, dá a padà sómi, márùn-ún ni òfin sì gbà fún ẹnì kan lóòjọ́. Bí o bá wá sọ́dọ̀ wa ní Lake Fork, òfin ibẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé èyí tó wà láàárín ínṣì 16 sí 24, dídá padà ni. Ìdí nìyẹn tí ẹja ibẹ̀ fi ń dàgbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pa èyí tó tóbi jù ní gbogbo Texas, lóṣù kìíní ọdún 1992, ó sì wọn pọ́n-ùn 18.18. Ẹ̀yin ará Houston, kí lẹ rí nínú Conroe tí ẹ kò fi wá bá wa?

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Pọ́n-ùn 18? Ní Georgia tiwa níbí ni wọ́n ti pa èyí tí ó wọn pọ́n-ùn 22 àti ounce mẹ́rin, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 1932, ní Montgomery Lake, ìjẹ onígi tó jọ ẹja sì ni wọ́n fi pa á, kì í ṣe ekòló. Nígbà tí Texas bá dé ibẹ̀, kí ẹ pè mí.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Dallas
Ìyá Ìbejì, ẹja 1932 ni ẹ̀yin ará Atlanta ṣì ń jẹ títí di òní! Ṣebí ará Japan kan ti pa irú rẹ̀ ní adágún Biwa ní 2009, tí wọ́n sì ní ọ̀mì ni òun àti tiyín?

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Ọ̀mì ni, wọn kò borí wa. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ lọ, kò tíì tán nínú ìkòkò.

Ọmọ Alékúwodò, Houston
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ra ìwé àṣẹ lórí fóònù báyìí, mo sì ti padà dé iwájú ògiri náà. Ẹ jọ̀ọ́, aláìlétè pupa yìí, ti ìdajì ounce ni kí n mú ni, àbí èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àti pé ọ̀kan nínú méjì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi ń yà sí apá òsì nígbà tí mo bá ń fà á.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Houston
Èyí tó ń yà sí òsì, fi ẹ̀mú tẹ òrùka imú rẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni o, kí o tún ju ú sómi wò. Bí ó bá ti ń bọ̀ tààrà, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alàgbà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Toronto
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, yìnyín ṣì bo omi tí ó wà níwájú ilé mi níbí. Nígbà tí Ìyá Ìbejì dárúkọ omi Ọ̀ṣun tó rú, mo pa fóònù dé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, pín-ìnnì tí a tẹ̀ ni ìwọ̀ wa, ekòló ni ìjẹ wa, odò Erinlẹ̀ sì ni a ń lọ, nítorí pé kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tó jẹ́ ju ìwọ̀ sínú Ọ̀ṣun ní igbó òrìṣà. Ẹja ibẹ̀ kì í sá fún èèyàn, ẹ ó sì máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá mi àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa pé inú omi yẹn ni ẹja ti jáde wá bá Laróòyè, tí ó tẹ́wọ́ gbà á, tí a fi ń pe ọba wa ní Atẹ́wọ́gbẹja, tí ó di Àtáọ́ja. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí n kò tíì bá wọn ṣe ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ. Àbúrò, nígbà tí o bá di bass náà mú ní Sátidé, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀.

Ọmọ Ìgbóǹnà, London
Alàgbà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lóṣù Kẹjọ yìí. Èmi náà ń wo owó ọkọ̀ òfurufú.

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Bí ẹ bá ń lọ, mo ń bá yín lọ. Ẹja epìyà díndín Ọjà Ọba, pẹ̀lú ata tútù àti àlùbọ́sà, ni n ó kọ́kọ́ jẹ kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Alékúwodò, Houston
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fẹ́ pa ilé ìtajà yìí dé o. Ti ìdajì ounce ni, àbí èyí tó wúwo jù ú lọ?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀, Dallas
Ìyá Ìbejì, ṣé obìnrin tó ń dín ẹja ní ẹnu ọ̀nà ọjà nígbà náà ṣì wà níbẹ̀?