Ẹ̀yin tó ń kó owó onírin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, báwo lẹ ṣe mọ iye rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ará Peckham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Onílé mi àtijọ́ ló fún mi ní ike kan tó kún fún owó àtijọ́ kó tó kó lọ. Kọ́bọ̀ ńláńlá olórí Victoria wà níbẹ̀, ṣílè wà, sísì wà. Níbo lẹ̀yin ti kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n? Ìrírí yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Adé Leeds
Ìwé Spink, èyí tí wọ́n ń kọ iye owó àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí. Ọdọọdún ló ń jáde.

Ìyá Ìbejì
Ìwé yẹn dáa, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Mo ra ṣílè 1916 kan lọ́jà tí wọ́n máa ń pàtẹ sẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ Sunday. Fàdákà gidi, ojú George Karùn-ún yọ dáadáa, àfi pé ó ti dúdú. Mo ní kí n tún un ṣe. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, mo bu iyọ̀ sí i, mo wá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ìkòkò. Ó ń dán yanran! Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ra owó àtijọ́. Kò tíì gbà á lọ́wọ́ mi tó fi béèrè pé, "Màdáámù, ta ló fọ èyí?" Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, mo rí gbogbo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kànìnkànìn fà sójú ọba. Iye fàdákà inú rẹ̀ nìkan ló lóun lè san. Mo sunkún délé. Dúdú tí mo fọ̀ dànù yẹn gan-an ni wọ́n ń rà.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Kànìnkànìn ke! 😂😂 Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Bùrọ̀dá Tọ́rọ́
Má rẹ́rìn-ín, àbúrò. Nílé bàbá wa l'Abẹ́òkúta, eérú àti ọsàn la fi ń bó kọ́bọ̀ oníhò títí lẹ́tà ara rẹ̀ fi ń pa rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti 1936, orúkọ Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀. Ọba yẹn fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọn ò tíì ná owó rẹ̀ kankan ní London. Tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jáde ní tirẹ̀, torí owó oníhò ò nílò àwòrán ojú ọba.

Adé Leeds
Ẹ̀gbọ́n, olówó ni yín nìyẹn! Wọ́n ta owó wúrà Edward Kẹjọ kan ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2020.

Bùrọ̀dá Tọ́rọ́
Rárá o. Wúrà yẹn, wọ́n kàn rọ ọ́ láti fi dán an wò ni, kò dọ́wọ́ ará ìlú. Kọ́bọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n rọ. Pọ́n-ùn díẹ̀ lẹ máa fi rí i rà. Bẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà H lára rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. KN jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ King's Norton.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Tọ́rọ́ oníhò náà wà nílé wa.

Ìyá Ìbejì
Tọ́rọ́, owó kọ́bọ̀ mẹ́ta, kì í níhò, ọmọ mi. Kọ́bọ̀, eépìnnì (ìdajì kọ́bọ̀) àti onínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀) ló níhò.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Màmá àgbà ló pè é ní tọ́rọ́ o.

Bùrọ̀dá Tọ́rọ́
Lọ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára kó o tó bá wa jiyàn.

Ṣọlá Luton
Ẹ gbà mí. Mo rí 2p tí wọ́n kọ NEW PENCE sí. Ẹnì kan ń ta irú rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lórí eBay!

Adé Leeds
Ti ọdún wo?

Ṣọlá Luton
1979.

Adé Leeds
Ná an. Láti 1971 dé 1981, NEW PENCE ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn. 1983 tí wọ́n ṣèèṣì kọ bẹ́ẹ̀ sí nìkan la ń wá.

Ìyá Ìbejì
Ẹni tó ń pe ẹgbẹ̀rún, ṣé ẹnì kan ti san án fún un? Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi èyí tó ti tà hàn, iye ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. 50p Kew Gardens ti 2009, 210,000 péré ni wọ́n rọ, ìyẹn ń tà lóòótọ́. Iye inú ìwé Spink, iye tí ọlọ́jà ń tà fún yín ni, kì í ṣe èyí tó máa fi rà á lọ́wọ́ yín. Ó sì ní ipò ipò, bí owó náà bá ṣe gbó sí: Fine ló gbó jù nínú mẹ́ta yìí, Very Fine tẹ̀ lé e, Extremely Fine ló mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń wo iye Extremely Fine nígbà tó jẹ́ Fine la mú dání.

Ará Peckham
Ẹ ṣé gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ fàdákà nínú ike yìí?

Bùrọ̀dá Tọ́rọ́
Wo ọdún tó wà lára ṣílè àti sísì. Èyí tó ṣáájú 1920, fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. 1920 sí 1946, ìdajì. Láti 1947, kò sí fàdákà nínú ṣílè àti sísì mọ́.

Ará Peckham
Mo rí sísì 1919 méjì! Wọ́n dúdú bí èédú.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, etí rẹ̀ ni kó o fi ọwọ́ mú. Má sì jẹ́ kí ọsàn súnmọ́ ọn.