Ajá tó ń dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: báwo la ṣe ń kọ́ ọ láti sọ pé òun fẹ́ tọ̀?

Ìyá Bíngò, Ọ̀bàntókò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ajá tọ́. Ọmọ ajá oṣù 5 kan wà nílé wa, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Kì í gbó, kì í họ ilẹ̀kùn. Á kàn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì rí i, á tọ̀ sórí táìlì. Wọ́n ní èèyàn lè kọ́ ajá kó máa lu agogo. Irú agogo wo ló dáa, báwo la sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Ará Ìbarà
Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Tó bá ti ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Ó ti mọ ibi tí wọ́n ń gbà jáde, ohùn ni kò tíì ní.

Ṣaworo 3 tàbí 4, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìyá ìlù, ti tó. Ẹ so wọ́n mọ́ okùn tó yi, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá imú rẹ̀ dọ́gba. Kó má kéré débi tó lè gbé e mì, kí ẹnu rẹ̀ má sì là jù, torí èékánná a máa há síbẹ̀.

Ẹ má tíì so ó mọ́ ilẹ̀kùn o. Ọwọ́ yín ni kó wà fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀, á fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí imú bá ti kàn án tó dún, ẹ ní "O káre!", kí ẹran bọ́ sí i lẹ́nu kó tó tó ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bó bá pẹ́ jù, tó ti jókòó, á rò pé ìjókòó ló fún òun lẹ́ran. Ìgbà 10 láàárọ̀, ìgbà 10 nírọ̀lẹ́. Ẹdọ̀ bíbọ̀ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà ló dáa, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó kọ́ sára ilẹ̀kùn. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bó bá jẹun tán tàbí tó ṣeré tán, ẹ mú un lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi imú kan ṣaworo, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Ìta ló ti máa jẹ ẹran báyìí, lẹ́yìn tó bá tọ̀ tán. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: bí ẹran bá ṣì ń jáde nínú ilé, ṣaworo á di agogo oúnjẹ.

Ẹlẹ́dọ̀ Àsẹ̀rò
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n fi kún un: láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú torí kó lè lọ ṣeré. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, ẹ mú un lọ sójú kan náà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 láìbá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá tọ̀, ẹ padà sílé. Kò ní pẹ́ mọ̀ pé eré kọ́ ni ṣaworo wà fún.

Ibi tó bá ti tọ̀ nínú ilé, ẹ má da ohun ìfọ̀ funfun tó ń ta ni nímú (bleach) sí i. Bí ó bá pàdé ìtọ̀, èéfín burúkú ló ń mú jáde. Ọṣẹ àti omi lẹ́ẹ̀kíní, ọtí kíkan tẹ́ ẹ fi omi là lẹ́ẹ̀kejì. Bí òórùn bá kù, ojú ibẹ̀ ló máa padà sí.

Ìyá Bíngò, Ọ̀bàntókò
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bó bá ń sá fún ìró ṣaworo náà ńkọ́?

Ará Ìbarà
Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àkísà wé e kó má dún tán. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ máa tú àkísà náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹlẹ́dọ̀ Àsẹ̀rò
Bó bá wá ń lù ú ní gbogbo ìgbà, tí ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, lọ́nà Àlábàtà, lọ́jọ́ náà.