Ta ló ti sáré lórí òkè nígbà ìsinmi rí? Ẹ wá sọ tiyín

Àrẹ̀mú Surulere: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìmúra o. Èmi, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń lọ sí òkè Obudu ní Cross River fún ọdún Kérésì, máráthọ́nì Èkó sì ń bọ̀ lóṣù Kejì. Mi ò fẹ́ kí gbogbo eré tí mo ti ń sá láti ìgbà òjò já sófo. Ẹni tó bá ti sáré lórí òkè rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Mo ti sáré ní Obudu. Orí òkè yẹn ga tó bí 1,600 mítà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tá a dé, mo gbéra bí mo ṣe ń gbéra nílé, kò sì pẹ́ tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ara mi dá ṣáṣá o! Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Ọ́síjìn tó ń bá èémí kan wọlé níbẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí ti Èkó, ọkàn á wá máa lù kìkì kó lè dí i. Mo bọ́ aago ọwọ́ jù sínú àpò. Tí mo bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, mò ń bá a lọ. Tí mi ò bá lè sọ ọ́ parí, mo ń rìn. Orí òkè yẹn ní ibi tó tẹ́ dáadáa, ibẹ̀ ni kó o ti sá eré gígùn. Ọ̀nà kọ́nà-kọ́nà tó gòkè láti ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje orí òkè lọ́dún 2005, má fẹsẹ̀ sá a sọ̀kalẹ̀. Èémí á dẹ̀ ọ́ lọ́rùn lóòótọ́, àmọ́ iwájú itan á ro ọ́ débi pé jíjókòó lórí àga á di iṣẹ́.

Ṣadé Ọmọ Ìdànrè: Cross River kẹ̀? Òkè Ìdànrè ń bẹ nílé, àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Gùn ún láàárọ̀, gùn ún nírọ̀lẹ́, kó o wá wò ó bóyá Third Mainland á rẹ̀ ẹ́.

Ìṣọ̀lá: Ìsinmi ni wọ́n pè é. Ẹ sinmi.

Dúró Jos: Àǹtí Ṣadé, gígun àtẹ̀gùn kì í ṣe eré sísá. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yàtọ̀.

Ṣadé Ọmọ Ìdànrè: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Orí òkè yẹn làwọn baba wa gbé láyé àtijọ́. Àwọn ìyá wa ń ru ẹrù gun ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló le ju tiwọn lọ?

Dúró Jos: Mi ò bú àwọn ìyá wa o, mà.

Ìyá Ìbejì Denver: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Àrẹ̀mú, kí ni jẹ́nótáìpù rẹ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa láti Ìbàdàn, AS ni. Géńdé ni, kì í fi eré òwúrọ̀ ṣeré. A gbé e lọ sí ìhà Estes Park, ìlú orí òkè kan nítòsí Denver níbí, ó ga ju 2,200 mítà lọ, ló bá sáré gun òkè. Ìgbà tó dé, ó di ìhà òsì mú, ó ń bì. A rò pé oúnjẹ ni. Ọlọ inú ló ti níṣòro, ẹ̀jẹ̀ ò dé apá kan rẹ̀ mọ́. Ó lo ọjọ́ ní ọsibítù kó tó gbádùn. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá mi lọ sórí òkè tí mi ò ní bi í.

Káṣìmáawò: AS? AS kì í ṣàìsàn o. Àwọn SS ni.

Ìyá Ìbejì Denver: Ohun táwa náà ń sọ nìyẹn kó tó ṣẹlẹ̀. Lọ ka ti Ryan Clark, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó wà nínú ẹgbẹ́ Steelers nígbà yẹn. AS lòun náà. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver níbí lọ́dún 2007, wọ́n yọ ọlọ inú rẹ̀ àti àpò òróòro. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá síbí gbá eré àṣeyọkúrò ní January 2012, wọn ò jẹ́ kó wọ pápá.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Káṣìmáawò, kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, Obudu ò sì ga tó Estes Park. Àmọ́ kí AS má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sáré àsápajúdé. Kó mu omi dáadáa, torí ọyẹ́ ń gbẹ èèyàn láìlàágùn. Tí ìhà òsì bá ń dùn ún lábẹ́ egungun, kó dúró, kó sọ̀kalẹ̀, kó lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àrẹ̀mú Surulere: AA ni mí. Ọmọ mi ọkùnrin ni AS, ó sì ti ń sọ pé òun máa bá mi sáré. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ìyá. Mi ò ronú kan ibẹ̀ rárá.

Màmá Tòkunbọ̀: Èmi náà AS, ọdọọdún ni mò ń gun Snowdon ní Wales. 1,085 mítà péré ni ṣá. Mo máa bi dókítà mi kí n tó lọ síbi tó ga jù ú lọ.

Ìṣọ̀lá: Ṣé òkè tún lè jẹ́ kó yára sí i lóṣù Kejì?

Dúró Jos: Ọ̀sẹ̀ kan ò tó. Ara nílò ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa kún un. Ìlú Mexico tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ní 1968 ga tó 2,240 mítà, àwọn tó ń sá eré gígùn jìyà níbẹ̀, àwọn Áfíríkà tó ti ń gbé orí òkè tẹ́lẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú góòlù eré gígùn àwọn ọkùnrin. Kip Keino ará Kenya gba ti 1,500 mítà. Èmi tí mò ń gbé Jos, bó bá di Èkó, ooru ló ń bá mi jà. Àrẹ̀mú, òtútù Obudu á tàn ọ́. Tó o bá padà délé, tún máa sáré nínú ooru kó tó di ọjọ́ ìje.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ooru Èkó ò mọ ẹni tó ti Obudu dé.

Káṣìmáawò: Màlúù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn kì í lé èèyàn?

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Màlúù ò lé mi rí. Kùrukùru àárọ̀ ni kó o ṣọ́ra fún, ó máa ń bo ọ̀nà débi pé awakọ̀ ò ní rí ọ. Wọ aṣọ tó ń tàn.