Ẹ̀yin ará Malaysia àti Thailand, mo ní ìbéèrè nípa àdán tó ń jẹ́ kí dúríánì so

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdán kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, Eonycteris spelaea, inú ihò àpáta ló ń sùn lọ́sàn-án. Tílẹ̀ bá ṣú, ó lè fò ju kìlómítà 30 lọ torí oje òdòdó. Bó ṣe ń na ahọ́n gígùn yẹn lá oje ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń lẹ̀ mọ́ ọn nírun, á sì gbé e dórí igi dúríánì mìíràn, igi tó ń so èso ńlá ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún petai náà, mọ̀lẹ́bí igi igbá tí à ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. (Àdán ilé wa náà ń bá igi igbá ṣe irú iṣẹ́ yìí, a ò kàn kí i kú iṣẹ́ ni.)

Ohun tó rú mi lójú: IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igi, ò kà á mọ́ ẹranko tó wà nínú ewu, torí ó tàn ká láti Íńdíà dé Philippines. Síbẹ̀ wọ́n ń fọ́ òkè òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń pa á jẹ, wọ́n sì ń gé igbó etí òkun tó ti ń jẹun. Ṣé àwọn àgbẹ̀ dúríánì ń dáàbò bo ihò wọ̀nyí, àbí ṣe ni wọ́n ń lé e bí olè? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ fojú ara yín rí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.